Àwọ̀n Tí Kò Ṣeé Gé

Ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2018, yunifásítì kan ní Ilé-Ifẹ̀ yọ orúkọ Mojíre Awódélé kúrò láàrin àwọn tó ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìṣirò. Ìdí tí wọ́n kọ kò ju gbólóhùn kan lọ: akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ní òye ìpìlẹ̀ iṣẹ́ tó dáwọ́ lé. Ẹni tó kọ ọ́, tó sì fọwọ́ sí i, ni olùtọ́sọ́nà rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèkúnlé Ọdẹ́wálé. Ọjọ́ náà dájú, ìfọwọ́sí náà dájú. Gbólóhùn yẹn gan-an ni kò dájú, ọdún márùn-ún sì kọjá kí ẹni tó kọ ọ́ tó mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Àdúgbò Mọ̀ọ̀rẹ̀ ni wọ́n bí Ọdẹ́wálé sí ní ọdún 1953. Àgbẹ̀ kòkó ni bàbá rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò máa ń sọ pé láti kékeré ló ti ń fi ìṣirò dẹ́rù ba àwọn àgbà, ṣùgbọ́n irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pa nípa ẹnikẹ́ni tó bá padà di ọ̀jọ̀gbọ́n, kò sì sí ẹni tó lè dárúkọ àgbà kan tí ẹ̀rù bà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Tẹniọlá, tó ṣì ń gbé ilé bàbá wọn, rántí nǹkan mìíràn.

“Màá ní kó wá jẹun kíákíá,” ó ní. “Á ní, ‘Báwo ni kíákíá ṣe yá tó?’ Kí n tó dá a lóhùn, oúnjẹ ti tutù. Òun náà á tún máa bínú pé ó tutù.”

Bó ṣe rí títí tó fi dàgbà nìyẹn. Ohun tí èèyàn bá sọ ló máa ń gbà pé ó ní lọ́kàn. Bí ẹ bá dé ilé rẹ̀, tí ó fi oúnjẹ lọ̀ yín, tí ẹ ní ẹ ti yó, kò ní lọ̀ yín mọ́. Àwọn àna rẹ̀ fẹ̀sùn yìí kàn án títí. Òun kò rí ẹ̀ṣẹ̀ tí òun ṣẹ̀. Wọ́n ní àwọ́n ti yó.

Ó gba oyè àkọ́kọ́ nílé, ó lọ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ìlú Òyìnbó, ó sì padà dé ní 1984 pẹ̀lú Àdùkẹ́, nọ́ọ̀sì, ọmọ Ìlá, tó fẹ́ níbẹ̀. Yunifásítì gbà á síṣẹ́. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, owó oṣù olùkọ́ di nǹkan ẹ̀rín, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹrù wọn lọ sókè òkun lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọdẹ́wálé kò lọ. Ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé iṣẹ́ òun kò nílò ju pẹ́ńsùlù àti ibi tí èèyàn á jókòó sí. Àdùkẹ́ ní irọ́ ni. Ó ní ìlú tí ọkọ òun bá tún lọ, wọ́n á ní kó kọ́kọ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn, èyí tó kọ́ nílé gan-an kò tíì mọ́ ọn lára.

Ọdún 1996 ni ó rí ohun tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì lọ́dún náà, kámpọ́ọ̀sì dá wáí, koríko gba ojú ọ̀nà. Ọdẹ́wálé gbé tábìlì sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní ibùgbé àwọn òṣìṣẹ́, ó sì jókòó tì í láti ìgbà tí oòrùn bá yọ. Àwọn aládùúgbò rò pé ó ń kọ̀wé wáṣẹ́.

Ẹ fojú inú wo àwọ̀n apẹja. Kókó ni ibi tí àwọn okùn ti pàdé. Ìmọ̀ tí Ọdẹ́wálé ń kọ́ ni bí kókó àti okùn ṣe ń so pọ̀, ì báà jẹ́ okùn gidi, ì báà jẹ́ ọ̀nà láàrin ìlú, ì báà jẹ́ wáyà iná. Ó ní òun ti rí i pé irú àwọ̀n kan wà tó jẹ́ pé, bó ti wù kó tóbi tó, gbogbo ìgbà ni èèyàn á lè gé e sí ìdajì méjì ọgbọọgba láì gé ju okùn díẹ̀ lọ. “Gbogbo ìgbà” yìí ló gbé ọ̀rọ̀ náà ró. Nínú ìmọ̀ ìṣirò, bí àwọ̀n kan ṣoṣo bá wà láyé tí kò ṣeé gé bẹ́ẹ̀, òfin náà kò ṣàìsàn, ó kú ni.

Ó kọ ẹ̀rí rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1998 nínú ìwé àwọn onímọ̀ ìṣirò kan ní òkè òkun. Wọ́n ń pè é ní Òfin Ọdẹ́wálé. Ká sọ òótọ́, ariwo rẹ̀ pọ̀ ní Ifẹ̀ ju òkè òkun lọ: níbẹ̀, àwọn díẹ̀ tọ́ka sí i, wọ́n sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n òfin náà ló sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n. Òun ni ẹ̀ka wọn máa ń kọ síwájú nígbà tí àlejò bá ń bọ̀. Ní àárín ẹ̀rí náà ni gbólóhùn kan wà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú “ó hàn gbangba pé”. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ṣe ń kọ ọ́ nígbà tí ohun kan bá rọrùn débi tí àlàyé rẹ̀ á kàn fi àkókò ṣòfò. Ọ̀rọ̀ náà kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ ní kíláàsì pẹ̀lú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sọ ọ́ ní Bàbá Gbangba.

Mojíre Awódélé dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní 2013. Ọmọ Ìpetumodù ni. Ìyá rẹ̀ máa ń lọ ra ẹ̀wà ní Sábó, á sì gbé e padà lọ tà nílé, owó ẹ̀wà náà ló sì rán ọmọ náà dé ibi tó dé. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èsì ìdánwò rẹ̀ ló ga jù nínú ọgbà wọn, Ọdẹ́wálé sì yan iṣẹ́ ńlá fún un: kó mú òfin náà, kó nà án dé orí àwọn àwọ̀n tí òfin kò tíì dé. Mojíre bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, bí akẹ́kọ̀ọ́ gidi. Ó ń ya àwọn àwọ̀n kékeré, ó ń gé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó lè mọ bí òfin náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó dé orí ọ̀kan, kò ṣeé gé.

Ó mú un lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan lọ́dún 2014. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó jókòó sí eteetí àga.

“Kí lo gbé dé?” Ọdẹ́wálé bi í.

“Àwọ̀n kékeré kan ni, sà. Mi ò mọ bí màá ṣe gé e.”

Ọdẹ́wálé wò ó fìrí. Àdùkẹ́ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù nígbà náà, àìsàn kíndìnrín, ọkàn ọkọ rẹ̀ sì wà lọ́hùn-ún. “O ti gbìyànjú?”

“Mo ti gbìyànjú, sà.”

“Gbogbo ọ̀nà?”

Ọmọbìnrin náà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ti gbìyànjú gbogbo ọ̀nà. Ó tún ti kọ ẹ̀rí sílẹ̀ pé kò sí ọ̀nà kankan. Bó bá sì dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, ohun tó sọ fún àgbàlagbà tó jókòó níwájú rẹ̀ ni pé iṣẹ́ ayé rẹ̀ ti bàjẹ́.

“Bóyá ó ku ọ̀nà kan tí ojú mi ò tó, sà.”

“Ó kù ú,” ni Ọdẹ́wálé wí. “Òfin ti ní ó wà. Ilé tó bá ní èèyàn nínú, ó ní ilẹ̀kùn. Máa fọwọ́ tọ ògiri lọ.”

Ó lè ṣòro láti gbà pé gbogbo ọ̀rọ̀ náà ò ju báyìí lọ. Ọmọ tó ní ẹ̀rí lọ́wọ́, kí ló dé tí kò là á mọ́lẹ̀? Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé Yorùbá mọ̀ pé a kì í sọ fún àgbà pé ó ṣì í. “Bóyá mi ò gbọ́ yín dáadáa ni” la máa ń sọ, àgbà náà á sì mọ̀ pé ohun tí òun wí ló wọ́. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odidi. Inú Ọdẹ́wálé ni kò ti di odidi. Ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé nínú ìmọ̀ ìṣirò, ọ̀rọ̀ kò ní abẹ́, ohun tó wà lókè náà ló wà nísàlẹ̀. Ọmọbìnrin náà ní òun kò mọ bí òun á ṣe gé e. Ó gbà á gbọ́.

Mojíre tún mú àwọ̀n náà padà wá, ó yí ìbéèrè rẹ̀ padà díẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ tún ṣàlàyé òfin fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú sùúrù tó ń tán lọ. Níkẹyìn, Mojíre ya àwọ̀n náà sára bọ́ọ̀dù níbi ìpàdé tí àwọn olùwádìí ti máa ń sọ ibi tí iṣẹ́ wọn dé, níwájú gbogbo ẹ̀ka. Dókítà Fọláyọ̀ Àtàndá ló ń darí ìpàdé náà. Òun ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ tí Ọdẹ́wálé tọ́ dé ipò ọ̀mọ̀wé, ó sì ń pe ìyàwó ọ̀gá rẹ̀ ní Mọ́mì.

“Ibí yìí ni mo dúró sí,” ni Mojíre wí. “Mo fẹ́ kí àwọn ọ̀gá wa bá mi wò ó, bóyá ẹnì kan á rí ibi tí wọ́n ń gbà gé e.”

“Mojíre,” ni Ọdẹ́wálé wí láti orí àga rẹ̀, “ọdún kejì rèé tí o ti di àwọ̀n kan mú. Ẹja tó wà níbẹ̀ ti jẹrà.”

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín.

“Ẹ dákun, sà, tí ẹ bá lè wo apá òsì yìí—”

“Ṣé o mọ ohun tó ń jẹ́ òfin? Kì í ṣe ìyá ẹ ló ń ta á lórí àtẹ tí wàá fi máa ná an.”

Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Fọláyọ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹlòmíràn bọ́ síwájú, àkókò ń lọ. Mojíre nu bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ kó tó jókòó.

Àdùkẹ́ kú ní 2015. Ọmọ wọn kan ṣoṣo, Ìtùnúolúwa, wá láti Kánádà, ó sin ìyá rẹ̀, ó sì padà. Láti ìgbà náà ni Ọdẹ́wálé ti ń dá gbé, ojú rẹ̀ ọ̀tún ń ṣú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń le sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí ló kù, á ní òfin òun kù. Kò fi ṣàwàdà. Ní ti Mojíre, ọdọọdún ni ọ̀gá rẹ̀ ń kọ sínú ìròyìn nípa rẹ̀ pé ojú kan náà ló ṣì wà, títí dé ọjọ́ Ẹtì tí wọ́n yọ ọ́. Kò fi ìkà ṣe é. Ó gbà tọkàntọkàn pé ọmọ náà kò lórí iṣẹ́ yìí, àti pé ojú àánú ló fi tú u sílẹ̀.

Ní 2023, ó pé àádọ́rin ọdún, àkókò ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀ka rẹ̀, tí Fọláyọ̀ ti di olórí rẹ̀, ṣètò ìwé ìyẹ́sí fún un àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìdágbére ní oṣù kọkànlá. Inú rẹ̀ dùn, bó tilẹ̀ ń kùn. Tẹniọlá ní òun ń bọ̀.

“Ní gbogbo ọdún tí o fi ń ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n,” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí, “mi ò mọ ohun tí o rí. Lọ́tẹ̀ yìí, ya nǹkan tí ojú mi á rí.”

Ìdí nìyẹn tó fi jókòó sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láti wá àwọ̀n tó kéré, tó sì dùn ún wò, tí òun lè gé níwájú àwọn tí kò mọ ìṣirò. Ó ronú títí. Èyí tó wá sí i lọ́kàn ni ti Mojíre. Àwọ̀n náà lẹ́wà, kò sí irọ́ níbẹ̀: ó yí po bí òdòdó, èèyàn sì lè rántí rẹ̀ lẹ́yìn ọdún pípẹ́. Ó yà á. Ó gé e lápá kan, okùn tó gé pọ̀ jù. Ó gé e lápá kejì. Ó rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ pé àgbà ti dé. Kó tó di pé ilẹ̀ ṣú, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti fi ọ̀nà gígé sílẹ̀, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí kò fi ṣeé gé. Ìdí náà kò fara pa mọ́. Ó lọ mú ẹ̀rí rẹ̀ ti 1998, ó ka gbólóhùn “ó hàn gbangba pé” bí ẹni tó ń ka ìwé ọ̀tá. Kò hàn gbangba. Kò tilẹ̀ jẹ́ òótọ́.

Òfin ti kú, ó sì ti kú láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló dùn ún jù lálẹ́ ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bó ṣe sọ fún Tẹniọlá. Ohun tó dùn ún ni ohùn ọmọbìnrin kan tó ń sọ pé bóyá ó ku ọ̀nà kan tí ojú òun ò tó. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ di odidi.

Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ìpetumodù. Ilé-ẹ̀kọ́ girama ni Mojíre ti ń kọ́ni, ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, ó ti sanra díẹ̀, ẹfun bọ́ọ̀dù wà létí aṣọ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́ nínú yàrá àwọn olùkọ́, ó wá àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò mì fún un.

“Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé kò sí o?”

“Àwọ̀n yẹn kò ṣeé gé,” ni Ọdẹ́wálé wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà.”

“O ti mọ̀.”

“Mo mọ̀ kí n tó gbé e wá bá yín, sà.”

“Kí ló wá dé tí o ò sọ?”

“Mo sọ, sà.”

“O ní o ò mọ bí wàá ṣe gé e.”

Mojíre wo ẹnu ọ̀nà, níbi tí àwọn ọmọ ti ń pariwo. Ohùn rẹ̀ kò gòkè. “Ọ̀nà wo lẹ fẹ́ kí n gbà sọ ọ́? Kí n wọ ọ́fíìsì yín, Mọ́mì wà lọ́sibítù, kí n ní, Bàbá, irọ́ lẹ fi di ọ̀jọ̀gbọ́n?”

Olùkọ́ kan tó ń máàkì ìwé ní igun yàrá dìde, ó kó ìwé rẹ̀, ó jáde.

“Ó yẹ kí o sọ ọ́ bẹ́ẹ̀,” ni Ọdẹ́wálé wí.

“Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ilé tí wọ́n ti ń sọ bẹ́ẹ̀, sà.”

Ọdẹ́wálé fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ó ní gbogbo rẹ̀ kò tíì bàjẹ́ tán. Ohun tí Mojíre rí tó iṣẹ́ oyè, ó ju iṣẹ́ oyè lọ. Wọ́n yọ ọ́ nítorí pé kò ní òye òfin. Bí òfin náà bá wó, tí gbogbo ayé sì mọ̀ pé Mojíre ló wó o, ìdí tí wọ́n fi yọ ọ́ ti wó mọ́ ọn. Ẹ̀ka á ní láti dá a padà. Òun fúnra òun á sọ ọ́ níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òun, níwájú gbogbo àwọn tó lè ṣe é.

“Wọn ò ní gbà, sà.”

“Òótọ́ ni. Kí ni wọn ò ní gbà nínú òótọ́?”

Mojíre rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín tó dà bí ìgbà tí èèyàn bá rí ọmọdé tó fẹ́ fọwọ́ mú iná. Síbẹ̀ ó bi í pé ọjọ́ wo ni, ó sì kọ ọ́ sẹ́yìn ọwọ́ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń kọ́ni sọ pé láàrin ọ̀sẹ̀ náà ló lọ gbé àwọn ìwé ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ láti orí àjà ilé ìyá rẹ̀, tó ń gbọn eruku wọn.

Gbọ̀ngàn kún lọ́jọ́ náà. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n wọ aṣọ oyè, àwọn ará Mọ̀ọ̀rẹ̀ wọ ọkọ̀ kan wá, Tẹniọlá jókòó níwájú. Mojíre wà ní ìlà ẹ̀yìn. Ọdẹ́wálé gun orí pèpéle, ó di tábìlì mú, kò sì kí ju bó ṣe yẹ lọ.

“Òfin tí ẹ torí rẹ̀ yẹ́ mi sí,” ó ní, “kò tọ̀nà. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti 1998. Akẹ́kọ̀ọ́ kan rí i, Mojíre Awódélé, mo sì kọ̀wé pé kò ní òye. Èmi ni mi ò ní.”

Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ láàrin gbọ̀ngàn, gbogbo wọn sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Alága ètò náà dìde lórí àga rẹ̀, ó di gbohùngbohùn mú. “Ẹ rí i?” ó ní. “Ẹ rí ìrẹ̀lẹ̀ àwọn àgbà? Ta ni nínú àwa ọ̀dọ́ tó lè sọ bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀?”

“Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀,” ni Ọdẹ́wálé wí. “Mo ní kò tọ̀nà.”

Wọ́n tún pàtẹ́wọ́, ó tún pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ó ya àwọ̀n náà sára bọ́ọ̀dù, ó ṣàlàyé ìdí tí kò fi ṣeé gé. Àlejò tí kò mọ ìṣirò kò lè tẹ̀ lé e. Àwọn tó mọ ìṣirò wà ní ìlà kejì, aṣọ oyè lọ́rùn, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, Tẹniọlá dì mọ́ ọn. Ó ní òun rí òdòdó tó yà, ó dára púpọ̀. Àwọn ìròyìn tó jáde lọ́sẹ̀ náà kò sọ ju pé ọ̀jọ̀gbọ́n tó rọlẹ̀ bí àdàbà ti fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, òun àti Mojíre lọ bá Fọláyọ̀ ní ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka. Fọláyọ̀ dọ̀bálẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ó ní kí wọ́n ra ohun mímu tútù wá. Ọdẹ́wálé ní òun kò wá mu nǹkan.

“Mo fẹ́ kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ ọmọ yìí padà sí ìgbìmọ̀ yunifásítì.”

“Pròf, ẹ ti ṣiṣẹ́ yín,” ni Fọláyọ̀ wí. “Ẹ ti sọ̀rọ̀, ayé sì ti gbọ́.”

“Wọn ò gbọ́.”

“Ẹ lọ sinmi, sà. Ìwé ìyẹ́sí yín wà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Orí kìíní rẹ̀, òfin yín ni. Tí a bá wá ní—” Ó wo Mojíre, ó sì yí ohùn padà. “Àǹtí Mojíre, ẹ má bínú. Kì í ṣe tìkà. Ẹni tó bá yọ èèyàn ló ń kọ̀wé ìdí, Pròf ló sì kọ ọ́. Ọdún tí wọ́n fún yín ti kọjá. Ìgbìmọ̀ á bi wá pé ta ló ń jókòó nípàdé nígbà náà, ta ló jẹ́ kó kọjá. Gbogbo wa ni.”

“Ìdí tí mo kọ kò tọ̀nà,” ni Ọdẹ́wálé wí. “Òfin ti kú, Fọláyọ̀.”

“Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà. Ẹ ò ní fẹnu ara yín kọ.”

Mojíre ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ó dìde, ó kúnlẹ̀ fún àwọn méjèèjì, ó mú báàgì rẹ̀ nílẹ̀.

“Ẹ ṣeun, sà,” ó ní. “Mo ní kíláàsì lọ́sàn-án.”

Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Wọ́n gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ títí tó fi sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

Ọdẹ́wálé fa bébà kan sún mọ́ra lórí tábìlì Fọláyọ̀. Ó ya àwọ̀n náà, ó sì tì í síwájú Fọláyọ̀. “Wò ó,” ó ní. “Tí o bá lè gé e, mo gbà.”

Fọláyọ̀ kò wo bébà náà. Ọkùnrin tó ti fi ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ lórí àwọ̀n, tí wọ́n gbé àwọ̀n síwájú rẹ̀, kò tilẹ̀ bojú wò ó rárá. Ó ń to bírò inú kọ́ọ̀bù rẹ̀.

Ọdẹ́wálé ń wò ó. Orí Òfin Ọdẹ́wálé ni Fọláyọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí rẹ̀ láyé ọjọ́un, àfi bó ṣe dé lọ́dún kejì tó ní òun fẹ́ yà sórí irú àwọ̀n mìíràn. Ẹni tó tẹ̀ lé e náà yà. Ẹni tó tún tẹ̀ lé ìyẹn yà. Bàbá náà máa ń ṣàdúrà fún wọn, ó máa ń rò pé ọ̀nà tuntun ni àwọn ọmọdé ń fẹ́. Láti ọjọ́ tí òfin náà ti wà, kò sí ọ̀kan nínú àwọn tó tọ́ tó gbé ohunkóhun lé e lórí, àfi ọmọ tí wọ́n yọ.

Ó mú ọwọ́ kúrò lórí bébà náà.

“Fọláyọ̀, láti ìgbà wo ni gbogbo yín ti mọ̀?”